Ìpá: bó bá ń wọlé, ẹ ní àkókò, bó bá kọ̀, ẹ má ṣe sùn lé e

 

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ sókè. Ọ̀rọ̀ ìpá ni. Ẹlòmíràn á ti ní in fún ọdún 10, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìyàwó gan-an kò mọ̀. Á rán ṣòkòtò tó fẹ̀, á wọ bùbá tó gùn lé e, kó tó jáde nílé á ti fi ọwọ́ tì í wọlé ní kọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní kó wá bá wọn gbé ẹrù, á wá àwáwí. Ìtìjú ni. Torí ìtìjú yẹn la ṣe ní ká sọ ọ́ lórí rédíò, kí ọkùnrin gbọ́, kí obìnrin náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní fún un lórúkọ, torí irú rẹ̀ wà ní abúlé gbogbo. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí kókó kan tó tó ẹyin adìẹ níbi tí itan rẹ̀ ọ̀tún ti pàdé ikùn. Tó bá dìde, kókó á yọ. Tó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Ó ní, "Ṣebí ó ń wọlé, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?" Ní ọjọ́ ọjà kan, ó gbé àpò àgbàdo sẹ́yìn alùpùpù, kókó yọ, kò sì wọlé mọ́. Ó dùbúlẹ̀ títí, kò wọlé. Nígbà tó di alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fún un ní àgbo kó lè yàgbẹ́. Ilẹ̀ mọ́, kò yàgbẹ́, afẹ́fẹ́ gan-an kò jáde nídìí rẹ̀, ikùn ti le. Kí wọ́n tó wá ọkọ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ìfun tó há síbẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ abẹ kékeré tí ìbá ṣe lọ́dún tó kọjá, tí ìbá sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ti wá di ọ̀rọ̀ gígé ìfun, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a máa sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ìpá tó ṣì ń wọlé, ẹ ní àkókò láti yan ọjọ́. Ìpá tó yọ tó kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tó sì ń dunni, ẹ kò ní àkókò kankan.

Kí ni ìpá gan-an?

Ẹ wo táyà alùpùpù. Rọ́bà wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kún. Níwọ̀n ìgbà tí táyà bá le dáadáa, rọ́bà á jókòó sí àyè rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya, rọ́bà inú á gba ibẹ̀ yọ síta bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpá rí. Ìfun ló wà nínú ikùn wa, ẹran ara tó le ló sì ṣe ògiri yí i ká. Tí ògiri yẹn bá ní ihò tàbí tó bá rọ̀ níbì kan, ìfun tàbí ọ̀rá inú á gba ibẹ̀ yọ sábẹ́ awọ. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní hernie. Tó bá jẹ́ níbi ìpàdé itan àti ikùn, wọ́n á ní hernie inguinale.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀ jù? Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, inú ikùn lókè lọ́hùn-ún ni ẹpọ̀n rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítòsí kíndìnrín. Bí ọjọ́ ìbí ṣe ń sún mọ́, ẹpọ̀n á máa sọ̀ kalẹ̀, á gba ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri ikùn, á sì bọ́ sínú àpò rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀nà yẹn pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Lára àwọn ọmọ kan, kì í pa dé tán. Ìpá àbímọ́ nìyẹn: ó lè hàn nígbà tí ọmọ ń sunkún, ó sì lè fara pamọ́ títí ọmọ á fi di géńdé, tí ọjọ́ kan á gbé ẹrù tó wúwo. Oríṣi kejì ni ti àgbà. Ògiri ikùn ló gbó, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ títí tó wá fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye rẹ̀ fún yín, kí ìtìjú lè dín kù. Nínú ọkùnrin 100, bíi 27 ni ìpá máa mú kí wọ́n tó kúrò láyé. Nínú obìnrin 100, bíi 3 ni. Ní gbogbo ayé, iṣẹ́ abẹ ìpá tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 20. Tí ọkùnrin 4 bá jókòó ti ayò lábẹ́ igi, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti ní in tàbí kó ṣì máa ní in. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe àsàsí. Kì í ràn. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe àgbèrè.

Ohun tó ń mú kó yá ni ohunkóhun tó bá ń ti inú ikùn lójoojúmọ́: ikọ́ tí kò lọ, sìgá tó ń fa ikọ́ tó sì ń sọ ẹran ara di ahẹrẹpẹ, ìgbẹ́ gbígbẹ tí èèyàn ń fi agbára tì, àti àgbàlagbà ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ tira kí ìtọ̀ tó jáde. Ẹrù wúwo náà wà níbẹ̀: àpò símẹ́ńtì, bídọ́nì epo, igi gẹdú. Tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni bá sì ti ní in, kí èèyàn ṣọ́ra rẹ̀.

Orúkọ kan, àrùn méjì

Ibí yìí ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Àwa Yorùbá, ohun méjì là ń pè ní ìpá. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń sọ bọ̀, tí ìfun ń yọ. Èkejì ni omi tó kún yí ẹpọ̀n ká nínú àpò rẹ̀, tí àpò á wá tóbi. Dókítà á pe ìyẹn ní hydrocèle. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Báwo lẹ ṣe lè fura sí èyí tó jẹ́? Ìpá ìfun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, níbi ìpàdé itan àti ikùn, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n. Tí ẹ bá wúkọ́, á tì síta. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀, á wọlé tàbí á kéré sí i. Ìpá omi, ìsàlẹ̀ ló wà, bó ṣe wà ní ìdúró ló sábà wà ní ìdùbúlẹ̀, ikọ́ kì í sì í yí i padà. Dókítà tún lè tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn: tó bá jẹ́ omi, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Àmọ́ èèyàn lè ní méjèèjì pọ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé dókítà ló yẹ kó sọ ọ́.

Ìpá omi lè wá láti ara kòkòrò tínrín kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Òun náà ló ń mú ẹsẹ̀ wú tí kì í fẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pín oògùn ọ̀fẹ́ káàkiri abúlé wa. Ó sì ṣiṣẹ́: ní 2017, Togo ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé ó ti ṣẹ́gun àrùn náà débi pé kì í ṣe ìṣòro gbogbo ìlú mọ́. Àwọn tí àpò ẹpọ̀n wọn ti wú tẹ́lẹ̀ ṣì nílò iṣẹ́ abẹ ṣá.

Kí ló dé tí mo fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀? Torí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn á fi abẹ́rẹ́ tàbí abẹ fa omi ìpá. Tó bá jẹ́ ìfun ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Ìfun ni wọ́n á gún yẹn o! Ìgbẹ́ á tú sínú ara, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ìpá yín tàbí kó sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Àmì tí kò gba "ó di ọ̀la"

Nígbà tí ìfun bá há sínú ihò, ihò á fún un lọ́rùn bí okùn. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìfun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á sì jẹrà. Ẹ wo àwọn àmì yìí:

– ìpá tó máa ń wọlé tẹ́lẹ̀ kò wọlé mọ́;
– ó le, ó ń dùn gan-an, kò ṣeé fọwọ́ kàn;
– awọ orí rẹ̀ pọ́n tàbí ó ń dúdú;
– èèyàn ń bì, ikùn ń wú;
– kò lè yàgbẹ́, afẹ́fẹ́ kò jáde nídìí;
– ara ń gbóná.

Ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ pé. Èyí tó kọ̀ láti wọlé tó sì ń dùn ti tó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, bó jẹ́ òru, bó jẹ́ òjò. Kí ó má jẹun, kí ó má mu nǹkan kan, torí iṣẹ́ abẹ lè ṣẹlẹ̀ kíákíá. Ẹ má fún un ní àgbo ìyàgbẹ́, ẹ má fún un ní omi ìdí, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tó bá jẹ́ géńdé tàbí ọmọdékùnrin ni ẹpọ̀n rẹ̀ ṣàdédé ń dùn ún burúkú, bí kò tilẹ̀ ní ìpá rí, òun náà ní láti lọ lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ihò ló wà lára ògiri. Kò sí àgbo, kò sí hóró oògùn tó lè rán ihò. Bẹ́líìtì ìpá lè dì í mú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kì í wò ó sàn. Iṣẹ́ abẹ ló ń wò ó.

Ṣé gbogbo ẹni tó ní in ló gbọ́dọ̀ sáré ṣe é? Rárá. Ọkùnrin tí tirẹ̀ kéré, tí kì í dùn ún, tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, dókítà lè ní kó ṣì máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ti yẹ èyí wò ní Amẹ́ríkà: àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ tiwọn, ewu kò fi bẹ́ẹ̀ wu wọ́n, ṣùgbọ́n kó tó tó ọdún 10, bíi 68 nínú 100 ti padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, torí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹ wá rò ó wò: àwọn yẹn ní ọkọ̀, wọ́n ní títì, ilé ìwòsàn wà nítòsí. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ máa ń kún fún omi nígbà òjò, ó sàn kó ṣe tirẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ara rẹ̀ le, tí iṣẹ́ oko sì ti dín kù. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á fún lábẹ́rẹ́ tí á fi kú, ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn dókítà, ẹ kò ní mọ ìrora. Ó sì lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tí ìsàlẹ̀ ara á kú fún wákàtí díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi oògùn sùn yín. Wọ́n á la awọ ní gígùn bí ìka ọwọ́, wọ́n á dá ìfun padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á sì tún ògiri ṣe. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan, ihò kéékèèké ni wọ́n ń dá sí, tí wọ́n á fi kámẹ́rà wo inú.

Bí wọ́n ṣe ń tún ògiri yẹn ṣe ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 1887, dókítà kan ní Ítálì, Edoardo Bassini, fi han ayé bí a ṣe lè fi okùn rán ẹran ara pọ̀ kí ihò lè dí. Ó dára, àmọ́ bí aṣọ tí a fà pọ̀ rán ni, ó máa ń fà, nígbà míì á tún já. Ní àwọn ọdún 1980, Irving Lichtenstein àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles gba ọ̀nà míì: dípò kí wọ́n fà á, wọ́n fi àwọ̀n pẹlẹbẹ lẹ ibẹ̀, bí ẹni lẹ aṣọ. Ẹran ara á hù wọ inú àwọ̀n náà, ògiri á sì le.

Àwọ̀n yẹn wọ́n. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Àwọn dókítà wò ó pé àpò ẹ̀fọn tí a ń sùn sí fara jọ àwọ̀n olówó gọbọi náà. Ní Uganda, wọ́n mú ọkùnrin tó lé ní 300, wọ́n fi àwọ̀n olówó iyebíye ṣe fún àwọn kan, wọ́n sì fi àwọ̀n àpò ẹ̀fọn tí wọ́n ti sè nínú ẹ̀rọ títí kòkòrò fi kú pátá ṣe fún àwọn yòókù. Ní 2016 tí èsì jáde, lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín wọn. Ẹ má wá lọ gé àpò ẹ̀fọn ilé o! Dókítà ló mọ irú èyí tó dára àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìtọ́jú tó dáa kò di dandan kó jẹ́ ti olówó nìkan.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ìpá ìpàdé itan lára ọmọ ọwọ́ kì í lọ fúnra rẹ̀, ó sì máa ń tètè há ju ti àgbà lọ, pàápàá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. A kì í ní kó dàgbà ná. Ẹ gbé e lọ. Wọ́n kì í fi àwọ̀n sí tirẹ̀, wọ́n kàn máa ń di ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni. Obìnrin náà ńkọ́? Tirẹ̀ kò wọ́pọ̀, àmọ́ kókó tó bá yọ sí abẹ́ ìpàdé itan lára obìnrin sábà máa ń kéré, ó sì máa ń tètè há. Kí ó má dúró rárá.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ sábà máa ń bi wá

Ṣé wọn ò ní ba nǹkan ọkùnrin mi jẹ́? Ìbéèrè yìí ni gbogbo wọn ń bi, wọ́n á kàn rora sọ ọ́ ni. Ògiri ikùn ni wọ́n ń tún ṣe, wọn kì í fọwọ́ kan okó. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń bá ìyàwó rẹ̀ sùn bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ìrora bá lọ, wọ́n sì ń bímọ. Ìpá ńlá tí a kò tọ́jú ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ jù. Mi ò ní sọ pé kò sí ewu kankan: ọgbẹ́ lè kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, ìrora lè pẹ́ lára àwọn kan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹpọ̀n lè fara gbá a. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ṣé ó lè padà wá? Ó lè padà, àmọ́ kì í wọ́pọ̀, pàápàá tí wọ́n bá fi àwọ̀n sí i. Ẹni tí kò fi sìgá sílẹ̀, tí kò wo ikọ́ rẹ̀ sàn, tó tètè lọ gbé àpò, òun ló ń pè é padà.

Ìgbà wo ni mo lè padà sóko? Ẹ dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ojú egbò mọ́ kó sì gbẹ. Ẹ má fi ewé tàbí eérú sí i. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹrù wúwo àti gígun ọ̀pẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe zémidjan, ẹ má gun alùpùpù títí ẹ ó fi lè tẹ bíréèkì lójijì láìsí ìrora.

Ìdodo ọmọ mi yọ síta, ṣé ìpá kan náà ni? Ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdodo ọmọdé máa ń pa dé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 4 tàbí 5. Ẹ má fi owó irin dè é. Tó bá le, tó ń dun ọmọ, tí ọmọ ń bì, ẹ gbé e lọ kíákíá.

Owó ńkọ́? Ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín nísinsìnyí tí ara ṣì le. Ẹni tó mọ iye rẹ̀ lè fi tọ́ńtínì tàbí owó ìkórè kó o jọ. Àmọ́ èyí tó bá há lójijì kì í dúró de ìgbà tí tọ́ńtínì máa kàn yín. Ó máa ń gba owó púpọ̀ sí i, àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí i pé bàbá ilé ń fi ọwọ́ ti nǹkan wọlé ní kọ̀rọ̀, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ lónìí fún un, kí ẹ sì bá a lọ. Ẹ̀yin bàbá, tó bá ń wọlé, ẹ lọ yan ọjọ́. Tó bá kọ̀, ẹ má ṣe sùn lé e. Àwọn àgbà ní àrùn la lè wò, a kì í wo ikú.